Ìdí Tí Ẹja Fi Ń Yanu Lójú Omi Ní Ìdájí

Ẹ̀yin olùsìn ẹja, bí ẹ bá dé ìdí adágún yín ní ìdájí tí ẹ bá ẹja tó ń yanu lójú omi, tó ń mí gúlegúle, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oúnjẹ sí i. Ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Èémí ni kò tó wọn.

Nínú afẹ́fẹ́ tí àwa ń fà símú, ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn. Agbára káká ni lítà omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ilẹ̀ wa fi ń gba ọ́síjìn mílígíráàmù 8. Ẹ ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja tútù wò: awẹ́ pupa tó tò bí eyín ìyarun nnì ni omi ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ náà ni kábọ̀n dáyọ́ksáìdì ń bá jáde.

Ewédò tó sọ omi di àwọ̀ ewé náà ń mí tọ̀sán-tòru. Lọ́sàn-án, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti kábọ̀n dáyọ́ksáìdì ṣe oúnjẹ ara wọn, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn tó ju èyí tí wọ́n ń lò lọ sínú omi. Bí oòrùn bá ti wọ̀, iṣẹ́ yẹn parí, ṣùgbọ́n mímí ò parí. Ewédò, ẹja, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin ìsàlẹ̀ adágún yóò jọ máa du ìwọ̀nba tó kù mọ́jú. Ohun tó ń fà á nìyẹn tí wàhálà fi máa ń bẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, pàápàá bí ojú ọjọ́ bá ṣú ní àná.

Àwọn kan ń da ìgbẹ́ adìyẹ sínú omi láìdẹwọ́ kí ewédò lè pọ̀, wọ́n rò pé bí omi bá ṣe ki tó ló dára tó. Rárá o! Ẹ ti ọwọ́ bọ omi: bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti pòórá kí omi tó kan ìgúnpá, ó ti ki jù, ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ dúró.

Àrọ̀ ń fara dà á ju epìyà lọ, torí ó ní ẹ̀yà ara kan lókè awẹ́ pupa yẹn tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Epìyà lè kú tán kí àrọ̀ inú adágún kan náà ṣì wà láàyè. Àmọ́ ọmọ àrọ̀ kì í ní ẹ̀yà ara yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má fojú àgbà ẹja wò ó.

Bí ẹja bá ti ń yanu, ẹ ṣí omi tútù sínú adágún kíákíá. Ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè, kó máa ta, kó lè gbé afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ má bọ́ wọn títí wọn yóò fi padà sísàlẹ̀.