Ta Ni Yóò Kà Yín Kí Ọkọ̀ Tó Padà?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè jọ ohun àjèjì lójú ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹlòmíràn lè wí pé, ‘Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ mòòkùn?’ Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti tàn ká ayé, ohun tí ó bá sì kan ọmọ kan òbí. Tọkọtaya kan tí a so pọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ̀ wá láago pé àwọn fẹ́ fi àyájọ́ ìgbéyàwó àwọn lọ sí Ọsirélíà, kí àwọn mòòkùn lọ wo iyùn nínú òkun. Ìyàwó ní, ‘Dádì, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn lọ pọ̀ lọ jàra. Èwo ni ká mú nínú wọn?’

A kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. A ní kí wọ́n fún wa láàyè díẹ̀. A ka ìwé, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tó béèrè kì í ṣìnà. Ohun tí a rí ni a kọ sílẹ̀ yìí.

TỌKỌTAYA TÍ ỌKỌ̀ FI SÍLẸ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kíní ọdún 1998, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra láti ìlú Port Douglas ní ìpínlẹ̀ Queensland, ní Ọsirélíà. Ó kó àwọn àlejò lọ sí ibi iyùn tí wọ́n ń pè ní St. Crispin's Reef. Thomas Lonergan àti Eileen aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Wọ́n mòòkùn. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ṣí, ó padà sí èbúté. Tọkọtaya náà kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura, nígbà tí wọ́n rí àpò wọn tí ó ṣì wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi jáde láti wá wọn. Wọn kò rí wọn, títí di òní olónìí a kò rí òkú wọn. Wọ́n gbé ọ̀gá ọkọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre ní ọdún 1999. Ṣùgbọ́n ìdáláre kò dá òkú padà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ìjì ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe ẹja ńlá. Àṣìṣe nínú kíka ènìyàn ni. Olùṣọ́ àgùntàn tí ó ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù? Ó kà wọ́n ni. Láti ìgbà náà ni ìjọba Queensland ti mú òfin le lórí kíka àwọn amòòkùn.

KÍ NI WỌ́N Ń LỌ WÒ NÍBẸ̀?

Gbogbo wa ni a mọ iyùn tí àwọn ọba àti ìjòyè ń fi sọ́rùn. Inú òkun ni ó ti ń wá. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ni wọ́n ń kọ́ ọ bí ikán ṣe ń mọ òkìtì. Ìbátan rẹ̀ ni iyùn etíkun Queensland, tí wọ́n ń pè ní Great Barrier Reef. Ó gùn tó kìlómítà 2,300, èyí tí ó ju lílọ àti bíbọ̀ láti Èkó dé Sókótó lọ. Ní ọdún 1981, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn ẹja aláràbarà ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru òkun ń sọ iyùn náà di funfun. Ó ṣẹlẹ̀ kárí ibẹ̀ ní ọdún 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024. Nítorí náà, ohun ẹlẹgẹ́ ni, ẹni tí ó bá lọ wò ó kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ OMI Ń ṢE SÍ ARA

Ẹni tí ó ń mòòkùn a gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, a sì máa fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ náà láti inú rọ́bà. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ní mítà 10, agbára tí ó ń tẹ ara rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ti òkè. Bí ó bá sé èémí níbẹ̀ tí ó sì ń gòkè bọ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò máa wú bíi fèrè rọ́bà tí ọmọdé ń fọ́n, ó sì lè ya. Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé: Má ṣe sé èémí.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní náítírójìn. Bí a bá pẹ́ nísàlẹ̀, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá yára gòkè, a dà bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí lójijì: yóò hó, ìhó náà yóò sì wọ oríkèé àti ọpọlọ. Nítorí èyí náà ni a kò fi gbọdọ̀ wọ bàálù kíákíá. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, ó kéré tán kí a dúró fún wákàtí 12. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wákàtí 18. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbà láti gbé yín lọ mòòkùn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó wọ bàálù, owó yín ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ire yín.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

Èkíní, ta ni olùkọ́ yín? Ẹ ní kí ó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. PADI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Nínú ìlànà wọn, ẹni tí ó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò kò gbọdọ̀ kọjá mítà 12. Ẹni tí ó parí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, mítà 18, èyí tí ó ga tó ilé alájà mẹ́fà. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá kò lè gba ìwé ẹ̀rí náà.

Èkejì, ènìyàn mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan? Nínú òkun, akẹ́kọ̀ọ́ 8 ni PADI gbà ó pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, 4.

Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n béèrè nípa ìlera yín? Ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Aláboyún kò gbọdọ̀ lọ rárá. Ẹ má ṣe purọ́ nínú fọ́ọ̀mù wọn nítorí kí ìgbádùn má baà bọ́; ara kò mọ irọ́.

Ẹ̀kẹrin, báwo ni àgbá wọn ti rí? Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó wọ omi. Bí ó bá ń rùn bí èéfín tàbí epo, ẹ má lò ó, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì tí ó bá wọ inú àgbá lè pa ènìyàn.

Ẹ̀karùn-ún, ṣé ọ́síjìn àti rédíò wà nínú ọkọ̀ fún ìgbà pàjáwìrì? Ta ni ó mọ bí a ti ń lò wọ́n?

Ẹ̀kẹfà, ṣé wọ́n ń ju ìdákọ̀ró lu iyùn, àbí okùn tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́? Ẹni tí kò ṣàánú ohun tí ó ń bọ́ ọ, yóò ha ṣàánú àlejò bí?

Èkeje, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: Báwo ni ẹ ṣe ń ka ènìyàn kí ọkọ̀ tó ṣí? Bí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ.

ÌPADÀBỌ̀

A kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa. Ọkọ fẹ́ mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ní kí ó má ṣe yọ àwọn lẹ́nu pẹ̀lú ìbéèrè. Wọ́n fi owó kún un, wọ́n sì bá ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tí wọ́n padà, kì í ṣe ẹja ni ìyàwó kọ́kọ́ ròyìn fún wa. Ó ní orúkọ ni wọ́n ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù a fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, a sì fọwọ́ síwèé. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pe orúkọ ọkùnrin kan, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwọn kan ní àwọn rí i tí ó gun ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ní, ‘Èmi kò tíì rí i.’ Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ti bá ọkùnrin náà níkẹyìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kùn pé ó fi àkókò àwọn ṣòfò.

Ìyàwó ní òun kò rẹ́rìn-ín, òun kò sì kùn. Ó ní, ‘Dádì, mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, mo rántí àwọn méjì yẹn.’