Ìwà Aṣáájú Lójú Agbanisíṣẹ́

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ mu. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá mú irú ìwé ẹ̀rí kan náà wá sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ìwé nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìmọ̀, ohun tí agbanisíṣẹ́ ń wá ni ìwà aṣáájú: ta ni a lè fi iṣẹ́ àti ènìyàn sí ní ìkáwọ́, tí ọkàn yóò sì balẹ̀?

Àwọn kan rò pé oyè ni ìwà aṣáájú. Wọn a kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ pé àwọn ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn tí kò joyè rí a sì máa rò pé àwọn kò ní ohun kan í sọ. Tọ̀tún-tòsì wọn ni ó ṣì í.

Ẹ jẹ́ kí a wo ètò àwọn agùnbánirọ̀, tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà nínú ètò náà. Òfin sì pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò mú ìwé yìí wá. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò rí bákan náà.

Ká ní agùnbánirọ̀ kan bá àwọn ará abúlé tún kànga tí ó ti dí ṣe. Bí a bá bi í léèrè nípa ìwà aṣáájú, kí ó má wulẹ̀ sọ pé, "Aṣáájú rere ni mí." À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú ni ìyẹn. Kí ó sọ ìṣòro tí ó bá níbẹ̀. Bí ó ṣe lọ rí baálẹ̀, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn obìnrin tí ń pọnmi. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́, tí wọ́n sì ṣírò owó ní gbangba. Àti ibi tí ó yọrí sí. Bí nǹkan kan bá wọ́, kí ó sọ bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Kí ó má sì gbàgbé àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tí ó kó gbogbo ìyìn sí àpò ara rẹ̀ ti fi hàn pé òun kò mọ ènìyàn í darí.

Ìṣesí níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pàápàá ń jẹ́rìí. Ẹni tí ó dé lásìkò, tí ó gbọ́ ìbéèrè tán kí ó tó dáhùn, tí ó sì lè sọ láìtijú pé òun kò mọ èyí ṣùgbọ́n òun ṣe tán láti kọ́ ọ, ti ń fi ìwà aṣáájú hàn láìdárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí di ọjọ́ ìwáṣẹ́. Kí ó fi iṣẹ́ kékeré lé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ó sì gba ìṣirò rẹ̀. Ìwà aṣáájú kì í ṣe aṣọ àyálò tí a lè gbé wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.