Ṣé O Mọ̀ Pé Irun Tó Bọ́ Lónìí Ti Dágbére Láti Oṣù Mẹ́ta Sẹ́yìn?

Ṣé o mọ̀ pé orí tí nǹkan kan kò ṣe ń sọ irun 50 sí 100 nù lójúmọ́? Irun tó wà lórí èèyàn tó nǹkan bí 100,000. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ń hù lọ́wọ́, àwọn tó kù ń sinmi. Irun kan lè fi ọdún 2 sí 6 hù, kó sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kó tó bọ́, kí òmíràn sì hù láti inú ihò kan náà. Ọkùnrin ń pàdánù tirẹ̀ bákan náà, àmọ́ ta ló máa rí irun tí kò gùn ju èékánná lọ lórí ìrọ̀rí?

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó tú irun tó ti dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè kó irun tó lé ní 4,000 jọ, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáká? Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ: 100 lójúmọ́, fún ọjọ́ 42. Àwọn tó bọ́ nígbà tí irun wà ní dídì kò rí ọ̀nà jáde, mẹ́ṣì, ìyẹn irun àfikún, ló dì wọ́n mú. Ní Treichville àti Adjamé ní Abidjan, níbi tí àwọn Ànàgó wa tó ti Èjìgbò wá pọ̀ sí, ọjọ́ ìtúrun ni àyà máa ń já èèyàn jù. Oníbàárà á rí òkìtì irun lórí itan rẹ̀, á ní ọwọ́ onídìrí kò dára. Ẹ fi onídìrí sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìdí kan náà ló ń mú kí irun dàda ki. Apá kan nínú rẹ̀ ti kúrò ní awọ orí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó kàn lọ́ mọ́ àwọn tó ṣì ń hù ni. Ní Abidjan tí orin régè Alpha Blondy ti gbilẹ̀, orí tó ń ru irun tó ti bọ́ kò mọ ní ẹyọ kan.

Mú irun kan nínú òòyà, kó o wo ìdí rẹ̀. Bí kókó funfun kékeré bá wà níbẹ̀, àkókò rẹ̀ ló pé tó fi bọ́. Bí kò bá sí kókó, tí irun náà sì kúrú, ó já lágbede méjì ni. Rílásà, iná àti gbígbẹ ló ń fa jíjá, àmọ́ ihò tó ń hu irun ṣì wà láàyè. Wo Laetitia Ky, ọmọ Abidjan tí wọ́n bí ní 1996. Rílásà ba irun rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ó pa rílásà tì, ó jẹ́ kí irun hù bí Ọlọ́run ṣe dá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà, òwú àti mẹ́ṣì sọ ọ́ di ère lórí ara rẹ̀. Ní 2022, ó wà lára àwọn tó ṣojú Côte d'Ivoire níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta náà. Ibà tó le, iṣẹ́ abẹ, ìbímọ tàbí kéèyàn rù lójijì lè mú kí ọ̀pọ̀ irun dáwọ́ híhù dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í bọ́ lọ́jọ́ náà. Ó di oṣù méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó máa wọ́ wálẹ̀, nígbà tí aláìsàn ti gbàgbé ibà. Ọṣẹ tuntun ló máa wá jẹ̀bi, tàbí omi Abidjan, tàbí obìnrin kan nínú àgbàlá. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn rí lẹ́yìn àrùn COVID-19. Ti ìyá ọmọ tún yàtọ̀: oyún ti dá irun tó yẹ kó bọ́ dúró, nítorí náà nígbà tí ìkókó bá ń kọ́ ẹ̀rín ni irun ìyá rẹ̀ máa ń kún òòyà. Káàkiri orí ló ti ń bọ́, kì í yún, kì í sì í dá ojú kan sí. Bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan bá kọjá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń hù padà fúnra rẹ̀, ni ẹni tó ta òróró ìhurun fún un á bá gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó wá kan onídìrí. Ní 1907, Rudolf Trebitsch, ará Austria, ṣàkọsílẹ̀ pé irun àwọn obìnrin Greenland ń pá nítorí pé wọ́n ń fà á so gírígírí sí àárín orí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 ní South Africa rí irú pípá yìí lára nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́ta tí wọ́n yẹ̀ wò. Iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé irun tín-ín-tìn-ìn díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí ẹ̀yìn wọn sì ṣófo. Bí o kò bá lè sùn lẹ́yìn ìdìrí láìlo oògùn orí fífọ́, tí ìléròrò sì yọ, dídì náà ti le jù. Bó bá ti ń dùn ọ́ níbi tó o jókòó sí, sọ ọ́ fún onídìrí, kó tú u. Fífún un pọ̀ lórí irun tó ti jẹ rílásà ló burú jù. Bí a bá tètè dẹ̀ ẹ́, irun á padà. Bí ó bá pẹ́ títí awọ fi ń dán, ihò irun ti dí nìyẹn, òrí kankan kò lè ṣí i.

Tọmọdé yàtọ̀. Ojú kan tó pá roboto, tó ń yún, tó sì ń ṣí èépá, làpálàpá orí ló sábà máa ń jẹ́. Oògùn mímu ló ń wò ó, nítorí ìpara kì í dé ìdí irun.

Pípá tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tó ń gbòòrò síta díẹ̀díẹ̀, tó lè máa ta tàbí kó máa yún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídì nìkan. Ní 2019, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àṣìṣe nínú àbùdá kan tó ń jẹ́ PADI3 wà lára àwọn obìnrin kan tó ní irú pípá yìí, ìyẹn ni pé ó lè wá láti ìdílé. Bí àtàrí ìyá rẹ tàbí ti àbúrò rẹ̀ bá ti pá, ní kí onídìrí máa ya fọ́tò àtàrí tìrẹ nígbàkigbà tó bá tú irun. Bí ojú ibẹ̀ bá fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, dókítà awọ wà ní ilé ìwòsàn CHU Treichville.