Kọ̀ǹpútà Àlejò Nínú Kọ̀ǹpútà Onílé: Linux, Iná àti Nẹ́tíwọ̀kì ní Òkè-Ògùn

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní virtual machine, kò ní irin tirẹ̀. Sọ́fútíwíà ló ń bá a gba ìpín lára ọpọlọ, RAM, díìsìkì àti nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà gidi, débi pé Linux tí a gbé sínú rẹ̀ yóò máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà gidi ni onílé, èyí tó wà nínú rẹ̀ ni àlejò. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ IBM ti ń lo irú ètò yìí lórí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí Intel ní 2005 àti AMD ní 2006 fi agbára ìgbàlejò sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kéékèèké, tí KVM, ètò ìgbàlejò ti Linux, sì wọ inú kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní 2007, ni ó tó di ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní láptọ́ọ̀pù lè ṣe nílé. Fún akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Òkè-Ògùn ní Ṣakí, tàbí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìsẹ́yìn, èyí túmọ̀ sí pé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan lè di sáfà méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè bà jẹ́ kí ó sì tún ṣe láìná owó mìíràn.

Ìtọ́ni tó wọ́pọ̀ nípa àtúnṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ inú ilé rẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí bátìrì, ínfátà àti fóònù alágbèéká ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, àbùkù tó fara hàn lára àlejò sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ onílé, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó tọ́ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí àlejò bá ń falẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni láti wò bóyá fáìlì tó ń jẹ́ /dev/kvm wà lórí onílé. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ lo láptọ́ọ̀pù náà ti pa agbára ìgbàlejò inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Linux tó dé. Sọ́fútíwíà yóò wá máa túmọ̀ gbogbo àṣẹ ọpọlọ, iṣẹ́ yóò sì falẹ̀ ní ìlọ́po púpọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ RAM. Onílé tó ní gígábáìtì 4, tó sì fún àlejò ní 3, fi ẹyọ kan péré sílẹ̀ fún ara rẹ̀, yóò sì máa gbé ohun tó yẹ kó wà nínú RAM lọ sórí díìsìkì, tó lọ́ra ju RAM lọ jìnnà. Àṣẹ free -h yóò fi èyí hàn. Díìsìkì àti nẹ́tíwọ̀kì àlejò náà máa ń yára sí i bí a bá yan virtio fún wọn, ìyẹn ọ̀nà tí àlejò fi ń bá onílé sọ̀rọ̀ ní tààrà láìṣe bí ẹni pé irin gidi wà láàárín wọn. Eruku ọyẹ́ náà kò ṣeé fojú fò, nítorí pé fáànù tó ti dí kò lè tu ọpọlọ kọ̀ǹpútà lára, ọpọlọ tó bá sì gbóná jù yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, àlejò kò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Ti pé àlejò kọ̀ láti jí ni ó ń dààmú ènìyàn jù, ibẹ̀ sì ni iná mànàmáná ti ń dá ọ̀ràn sílẹ̀. Díìsìkì àlejò kì í ṣe ohun mìíràn ju fáìlì ńlá kan lórí díìsìkì onílé, tó sábà máa ń ní orúkọ tó parí sí qcow2. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí àlejò ń kọ nǹkan, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ti kú, ohun tí àlejò rò pé òun ti kọ lè má tíì dé orí díìsìkì gidi. Àkọsílẹ̀ ìṣíwájú tí ext4, ètò fáìlì tí Linux sábà máa ń lò, ń ṣe máa ń tún ọ̀pọ̀ irú èyí ṣe fúnra rẹ̀, àyàfi bí a bá ti yan cache tó ń jẹ́ unsafe, èyí tó ń yára nítorí pé ó ń ṣe bí ẹni pé òun ti kọ ohun tí kò tíì kọ. Níbi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, kò sí àwíjàre kankan fún yíyàn án. Àlejò tó bá dúró síbi ọ̀rọ̀ initramfs sábà máa ń nílò fsck, àṣẹ tó ń yẹ ètò fáìlì wò tó sì ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ da fáìlì qcow2 náà kọ síbòmíràn, nítorí àtúnṣe lè ba ohun tó kù jẹ́. Èyí tó bá dúró sí emergency mode ní tirẹ̀ sábà máa ń wá díìsìkì kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú /etc/fstab tí a sì ti yọ kúrò. Nígbà mìíràn, àlejò kò tilẹ̀ bàjẹ́: fáìlì rẹ̀ ló ń dàgbà títí díìsìkì onílé fi kún, tí sọ́fútíwíà onílé sì dá a dúró, tí àṣẹ virsh list yóò máa pè é ní paused. Ọ̀pọ̀ ló ń pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rẹ́, tí wọ́n sì tún un gbé kalẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àyè díẹ̀ péré ni ó nílò.

Ní ti nẹ́tíwọ̀kì, libvirt, ètò tó ń ṣàkóso àwọn àlejò lórí onílé, sábà máa ń fún àlejò ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.122, onílé fúnra rẹ̀ sì ni 192.168.122.1. Kí a fi ping bá onílé yìí sọ̀rọ̀ ná. Bí kò bá dáhùn, àṣẹ virsh net-start default lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù. Lẹ́yìn náà ni 8.8.8.8, àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ìkànnì, nítorí pé bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, DNS, tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, ni ó ṣàìsàn. Ẹni tó ń lo Wi-Fi láti orí fóònù kò gbọdọ̀ retí pé bridge, tó ń mú àlejò jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀, yóò ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ Wi-Fi kì í gba ẹ̀rọ méjì lórí ìsopọ̀ kan. NAT, tó ń mú àlejò jáde lábẹ́ orúkọ onílé, ni ó yẹ ẹ́. Àwọn àlejò méjì tí a dà kọ láti ara ẹyọ kan lè máa du àdírẹ́sì kan náà, nítorí pé machine-id wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, kò yàtọ̀.

Àbùkù kan sì wà tí kò sí àṣẹ tó lè tún un ṣe ní Ṣakí. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, onílé tó ní apt-cacher-ng, tó ń tọ́jú àwọn sọ́fútíwíà tí àlejò kan bá ti fi apt gbà sílẹ̀ kí àwọn yòókù lè rí i lò, kò ní láti lọ sókè òkun mọ́ fún ohun tó ti wà nílé, yálà okùn já tàbí dátà ló tán.