Ìdí Tí Ọkọ̀ Fi Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pààrọ̀ Kúrọ́ọ̀sì Pùròpẹ́là

Ìlobùú, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Òrólù, múlé ti ara wọn, àwọn bọ́ọ̀sì akérò àti ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń so wọ́n pọ̀ mọ́ Òṣogbo. Nínú bọ́ọ̀sì bíi Toyota HiAce àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, táyà ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ bá, pùròpẹ́là ló sì ń gbé e lọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gba oríkèé pùròpẹ́là tuntun, tó sì wá ń gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọjà tí wọ́n rà ni ẹ̀bi sábà máa ń kọ́kọ́ já lé; bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà tí wọ́n gbà tú ọ̀pá náà àti bí wọ́n ṣe dá a padà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Pùròpẹ́là ni ọ̀pá irin gígùn, oníhò bíi páìpù, tó wà láàárín jíà iwájú àti jíà ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Nítorí pé síríǹgì ń jẹ́ kí jíà ẹ̀yìn máa lọ sókè sódò bí ọkọ̀ bá ti ń wọ kòtò, ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ní orí àti ní ìdí bí ó ti ń yí, oríkèé méjèèjì ló sì ń fún un láàyè yìí. Irin alápá mẹ́rin bí àgbélébùú ló wà láàárín oríkèé kọ̀ọ̀kan, òun ni àwọn mẹkáníìkì fi ń pè é ní kúrọ́ọ̀sì. Ife irin bo orí apá kọ̀ọ̀kan, àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tò sínú ife náà kí irin má baà máa jẹ irin, àmúga méjì tó kọjú síra ló sì di ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Orúkọ Gerolamo Cardano, ọmọ Ítálì tó gbé ayé láti 1501 sí 1576, ni wọ́n ṣì fi ń pe oríkèé yìí ní Faransé àti Jámánì. Clarence Spicer ló sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú èyí tó bá mọ́tò mu ní Amẹ́ríkà ní 1903, nígbà tí ṣéènì ṣì ń yí táyà ọ̀pọ̀ mọ́tò.

Oríkèé yìí ní àbùkù kan tí ojú kò lè rí. Níwọ̀n ìgbà tí igun bá ti wà láàárín ọ̀pá méjì tó so pọ̀, bí èyí àkọ́kọ́ tilẹ̀ ń yí ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, ìkejì yóò yára lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí igun náà bá jẹ́ dígírì 10, ìyára yìí yóò fi nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé, yóò sì fi bẹ́ẹ̀ dín. Iye náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó já sí pé ìgbà 100 ni yóò ta kìjí kí ìṣẹ́jú-àáyá náà tó pé. Oríkèé kejì ló ń pa èyí rẹ́: bí àmúga orí ọ̀pá àti ti ìdí rẹ̀ bá tò sí ìlà kan náà, tí igun méjèèjì sì bára mu, ohun tí oríkèé iwájú bá fi kún ni ti ẹ̀yìn yóò yọ kúrò, gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tó ń gúnyán nínú odó kan ṣoṣo, tí ọmọ odó ẹnì kan ń lọ sókè nígbà tí ti ẹnì kejì ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ọmọ odó méjèèjì bá sọ̀ pọ̀, wọn yóò kọlu ara wọn.

Níbi ìtúpalẹ̀ gan-an ni ètò yìí ti ń dàrú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, apá kan pùròpẹ́là ní eyín gígùn tó ń wọ inú apá kejì kí ọ̀pá náà lè máa gùn, kí ó sì lè máa kúrú. Bí wọ́n bá fà á yọ láìsàmì sí i, tí wọ́n wá dá a padà tí eyín kan tàbí méjì sì fò, àmúga méjèèjì kò ní sí lójú ìlà kan mọ́, kò sì sí oríkèé tuntun tó lè tún un ṣe. Àwo irin tí bóòtù fi ń dè é mọ́ jíà ẹ̀yìn náà lè wọlé ní ọ̀nà tó ju ọ̀kan lọ, bí wọ́n bá sì yí i po, ìdọ́gba ìwúwo rẹ̀ lè bàjẹ́. Òòlù tún ń ṣe tirẹ̀: ó lè tẹ àmúga, ó sì lè mú kí abẹ́rẹ́ irin kan ṣubú sí ìsàlẹ̀ ife, tí ife náà kò fi ní wọlé tán, tí òrùka irin tó yẹ kí ó há a kò sì ní ráyè wọ ojú ihò rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n jó mọ́ ara páìpù kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Òun ló ń mú kí ìwúwo ọ̀pá náà dọ́gba yíká, bí ó bá sì já, agbára tó ń mi ọkọ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí eré bá di ìlọ́po méjì.

Láti dá àrùn náà mọ̀, kí awakọ̀ sa eré dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, lójú ọ̀nà tó dá, kí ó sì yọ jíà sí òfo. Bí gbígbọ̀n náà bá ṣì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti rọlẹ̀, ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó fà á. Pùròpẹ́là tàbí táyà ni. Kí mẹkáníìkì tún fi ọwọ́ mi oríkèé tuntun: kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ mì jẹgẹjẹgẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ewé síríǹgì kún fún nítorí ẹrù ń fẹ́ àyẹ̀wò igun pẹ̀lú, nítorí pé ìdí ọkọ̀ tó ga sókè ti yí igun ẹ̀yìn padà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín igun méjèèjì kò yẹ kó ju dígírì 1 lọ.

Kí gbogbo awakọ̀ tó bá gbé ọkọ̀ lọ pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì, ní Ìlobùú, ní Ifọ́n tàbí níbikíbi, dúró ti mẹkáníìkì, kí ó sì rí i pé wọ́n fi ọ̀dà tàbí ẹfun fa ìlà sí ara ọ̀pá, eyín àti àwo irin kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.