Èdìdì Tí Ojú Kò Rí Nínú Ìwé Ìrìnnà

Ẹni tí ó bá gbéra láti Brewerville, létí Monrovia, tí ó forí lé ibodè Sierra Leone ní Bo Waterside, kò ní ṣàìfi ìwé hàn kí ó tó kọjá. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ wọn máa wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n báwo ni oníbodè yóò ṣe mọ̀ pé ẹni tí ó dúró níwájú òun ni ó ni ìwé náà?

Láyé àtijọ́, òǹtẹ̀ àti fọ́tò tí a lẹ̀ mọ́ ìwé ni ẹ̀rí. Abẹ ìfárí lásán sì tó fún ọ̀bàyéjẹ́ láti pààrọ̀ fọ́tò. Ní 2007 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà oníṣíìpù. Ṣíìpù náà gba orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àwòrán ojú onítọ̀hún sínú, ìjọba sì fi èdìdì oníṣirò dè é. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, èdìdì kò ní bá ohun inú rẹ̀ mu mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ìjọba náà lọ́wọ́ nìkan ni ó lè yẹ èdìdì yìí wò. Níbi tí kò bá sí i, ojú lásán ni oníbodè ń lò, bíi ti àtijọ́. Èyí tí ó sì dun ni jù ni pé, bí ẹnìkan bá fi ìwé ẹ̀rí ìbí ayédèrú gba ìwé ìrìnnà, èdìdì ìjọba yóò dáàbò bo irọ́ náà títí ọjọ́ ìwé yóò fi pé.