Ta Ló Dá Iye Lé Ginseng?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1784, ọkọ̀ ojú omi Empress of China ṣí kúrò ní èbúté New York, ó forí lé Ṣáínà. Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, àpò ìjọba gbẹ, ohun tí àwọn ará Ṣáínà sì lè fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Gbòǹgbò ewéko igbó kan ló gba àyè jù nínú ẹrù ọkọ̀ náà, nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé lọ́dún kejì, tíì, sílíìkì àti àwo tánganran ló kó bọ̀, àwọn tó dá owó ìrìn àjò náà sì jèrè.

Ginseng ni gbòǹgbò ọ̀hún. Òun náà ni wọ́n ń rọ sínú kápúsù fítámì tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó owó tí wọ́n ń pè é, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó dá iye náà lé e.

Àwọn ọba Ṣáínà ló fi í sípò ọlá. Ní ọdún 1709, Pierre Jartoux, àlùfáà Jesuit kan láti Faransé, wà lára àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún Ọba Kangxi. Nítòsí ààlà Kòréà ni wọ́n ti mú ginseng tútù wá fún un, ó sì jẹ ẹ́ wò. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1711, ó ní kò ju wákàtí kan lọ tí iṣan ọwọ́ òun fi ń lù kíkan, tí oúnjẹ ń wu òun jẹ, tí ara òun sì le sí i. Lẹ́tà yìí kan náà ló sọ pé ọba ti rán 10,000 ènìyàn wọ igbó lọ wa á. Kálukú ní láti fi áúńsì méjì èyí tó dára jù sílẹ̀ fún ọba. Fàdákà ni ọba yóò fi ra ìyókù, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Ẹ gbà mí, ta ni yóò jẹ ohun tí ọba ń fi fàdákà wọ̀n tí yóò jáde sọ pé kò ṣe nǹkan kan lára òun?

Jartoux fi kún un pé bí ewéko yìí bá tún wà níbòmíràn láyé, Kánádà ni yóò jẹ́. Jesuit mìíràn, Joseph-François Lafitau, tó ń gbé láàárín àwọn Mohawk lẹ́bàá Montreal, ka lẹ́tà náà, ó sì fi bí oṣù mẹ́ta wá ewéko ọ̀hún kiri. Ní 1716 ló rí ìbátan rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́. Obìnrin Mohawk kan tó fi hàn dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ọ̀kan lára egbògi wọn ni. Wọ́n ti ń lò ó kí àlùfáà kankan tó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi fàdákà wọ̀n ọ́n fún wọn.

Kíá ni ọjà gbóná ní Kánádà. Àwọn awalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú u kó tó gbó, wọ́n ń fi iná ààrò mú un gbẹ pẹ̀lú ìkánjú, títí àwọn oníbàárà Ṣáínà fi kọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1750, òwò náà ti dẹnu kọlẹ̀. Amẹ́ríkà ló wá jogún rẹ̀, àwọn òkè Appalachia pàápàá. Wọ́n wa igbó débi pé láti 1975 ni àdéhùn àgbáyé ti ń ṣọ́ títà rẹ̀ sókè òkun. Èyí tí wọ́n bá máa kó jáde láti inú igbó Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún márùn-ún, ọrùn gbòǹgbò ni wọ́n sì ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, torí pé igi rẹ̀ ń fi àpá kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó gbó, tó hun jọ, tó sì ya apá ya ẹsẹ̀ bí ènìyàn ni olówó ń dù. Kílò kan rẹ̀ ní gbígbẹ lè ju 1,000 dọ́là lọ.

Ginseng oko kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Fromm ní Wisconsin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín níbẹ̀, láti 1904, kí wọ́n lè rówó sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírun fàdákà. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni: wọ́n ní láti ta ìbòòji sórí rẹ̀, kí wọ́n dúró ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó bá sì ti hù lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ gbà á mọ́. Síbẹ̀, lọ́dún tí ọjà bá kú, kílò kan lè máà tó 100 dọ́là.

Ginseng oko yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn Mayo Clinic lò nínú ìwádìí tó jáde ní 2013. Ènìyàn 364 tí àárẹ̀ jẹjẹrẹ ń bá fínra ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ń gba lúbúlúbú ginseng Wisconsin, 2,000 mìlígíráàmù lójúmọ́; àwọn yòókù ń gba kápúsù tó jọ ọ́, tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àárẹ̀ àwọn tó gba ginseng ti dínkù ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rí tó dára nìyẹn. Àwọn olùwádìí ní Toronto náà rí i ní 2000 pé gíráàmù mẹ́ta ṣáájú ohun dídùn kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ròkè púpọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn 19 péré ni wọ́n fi dán an wò.

Ní ti kí ọpọlọ jí pépé, àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2010. Ti agbára ọkùnrin ńkọ́, torí òun ni ọ̀pọ̀ fi ń rà á nílé wa, ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ? Ní 2021, àwọn Cochrane kan náà ní ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kéré jọjọ.

Ó tún lè ṣèpalára. Ìwádìí 2004 kan fi hàn pé ginseng Amẹ́ríkà ń dín agbára warfarin kù, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ náà ní láti bi dókítà kó tó fi kún un, kí ṣúgà rẹ̀ má baà já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lójú tèmi, ẹni tí jẹjẹrẹ ti tán lókun lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, kó sì lo ti oko. Ti igbó olówó gegere yẹn, ìrìn inú igbó, ọjọ́ orí àti àpọ́nlé ọba ni wọ́n ń gbowó lé. Ti kápúsù fítámì, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ wo iye mìlígíráàmù ginseng tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá àyọjáde ni tàbí lúbúlúbú. Bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹyin àti ẹ̀wà ni èmi yóò fi owó náà rà.